Láti Ìgànmú dé Ẹnu Òkun: Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan Lórí Omi Èkó

Odò Ògùn ṣẹ̀ wá láti agbègbè Ṣakí, ó kọjá lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ó sì tú sínú ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo sọ̀kalẹ̀, òun náà sì wọnú omi ọ̀sà níhà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ló ń bá àwọn méjì yìí rìn. Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì wà láàárín kìlómítà 3 sí 13. Pẹ̀lú gbogbo títóbi yìí, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní tó ń gbà jáde sínú Òkun Àtìláńtíìkì: ẹnu omi tó wà láàárín Victoria Island àti Tarkwa Bay, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní Commodore Channel.

Ẹni tó bá gbéra láti Ìgànmú láàárọ̀ lè dé ẹnu omi yìí, kó wo èbúté ọkọ̀ òkun Àpápá àti ojú Marina láti orí omi, kó lo ọ̀sán létíkun, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti Ìgànmú sí Tarkwa Bay kò ju nǹkan bíi kìlómítà 9 lọ bí ẹyẹ bá ń fò ó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Ìgànmú, Orílé àti Ìjọ́ra ló ń gba orí afárá kọjá lójoojúmọ́ tí wọn kò sì tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Àdánù gidi ni, nítorí pé orí omi nìkan ni èèyàn ti lè rí bí Èkó ṣe di Èkó. Orí ìwé yìí ń sọ bí a ṣe ń ṣètò ìrìnàjò náà, ohun tí a ó rí lọ́nà, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ra fún.

Ìgbà tó dára jù láti lọ

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni omi máa ń rọrùn jù. Òjò ti dá nígbà náà, ìgbì òkun sì rọlẹ̀. Ewu kan wà nínú àkókò yìí tí kò yẹ ní fífojú kéré, òun ni ọyẹ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú omi láàárọ̀ débi pé awakọ̀ kò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí arìnrìnàjò dúró sí èbúté títí oòrùn yóò fi ràn. Wákàtí kan tàbí méjì tí ó bá fi dúró kò ní ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́.

Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ni òjò ńlá, ó sì tún máa ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ìgbì òkun a sì lágbára ní oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, nítorí atẹ́gùn tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá. Ọ̀dá díẹ̀ tó máa ń wà ní oṣù Kẹjọ máa ń tan èèyàn jẹ: òjò lè má rọ̀, ojú ọ̀run lè tutù minimini, síbẹ̀ kí òkun ṣì máa ru. Ní àkókò yìí, ìrìnàjò inú ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, sàn ju ìrìnàjò ẹnu òkun lọ.

Bí a bá ti mú oṣù, ó ku wákàtí. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń ti omi wọlé, lẹ́ẹ̀mejì ni omi sì ń fà jáde. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí ó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀sà ń gbà, omi máa ń ṣàn kíkankíkan níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀sà bá ń jáde tí ìgbì òkun sì ń wọlé pàdé rẹ̀ ni ojú omi ẹnu náà máa ń le jù. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ gan-an ní àsìkò òjò, nígbà tí àwọn odò ti kún tí wọ́n sì ń ti omi wọn jáde. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ wákàtí yìí láìwo ìwé. Kí arìnrìnàjò bi í kí ó tó wọkọ̀ pé omi ń wọlé ni àbí ó ń jáde. Ìdáhùn awakọ̀ yóò fi hàn bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Òwúrọ̀ ló dára jù nínú ọjọ́. Láti aago 7 sí aago 10, ojú omi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ilẹ̀ á ti gbóná, atẹ́gùn òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọkọ̀ á sì máa fò lórí ìgbì kéékèèké tó ń lu ìdí èrò. Ìjọba fòfin de ìrìnàjò òru fún ọkọ̀ akérò kéékèèké, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní iná, bẹ́ẹ̀ ni igi àti pàǹtírí tó ń léfòó kò ṣeé rí nínú òkùnkùn. Kí àdéhùn ìpadàbọ̀ wà fún aago 4 tàbí aago 5 ìrọ̀lẹ́, kí ààyè lè wà fún ìdádúró.

Láti Ìgànmú sí Marina

Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ló sọ ìrìnàjò yìí di ohun ìrọ̀rùn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ẹni tó ń ti Ìgànmú lọ sí Marina láàárọ̀ lè lo wákàtí kan àbọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Ìjọ́ra àti afárá Èkó. Ipele àkọ́kọ́ ọ̀nà irin náà jẹ́ kìlómítà 13, ó sì ní ibùdókọ̀ márùn-ún: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé-Ìgànmú, National Theatre àti Marina. Ìgànmú ní méjì nínú márùn-ún yìí, ìyẹn Orílé-Ìgànmú àti National Theatre. Láti National Theatre, Marina ni ibùdókọ̀ tó kàn.

Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ojú irin. Kí arìnrìnàjò ti ra káàdì kí ó sì ti kó owó sí i ní ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ìlà máa ń gùn láàárọ̀. Káàdì kan náà ni wọ́n ń lò nínú àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ìjọba, tó jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ láti Múṣin tàbí Yábàá kò nílò òmíràn.

Ibùdókọ̀ National Theatre wà nítòsí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977. Àwọn ará Bulgaria ló kọ́ ọ, wọ́n sì fi ilé ìṣeré kan tó wà ní ìlú Varna lórílẹ̀-èdè wọn ṣe àwòkọ́ṣe. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni gbọ̀ngàn náà ń jẹ́ báyìí. Ilẹ̀ àbàtà ni agbègbè yìí kí wọ́n tó fi yanrìn dí i. Àwọn èèyàn sì ń gbé níbẹ̀: ní ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ará abúlé Olúwọlé kúrò lórí ilẹ̀ náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ tẹ̀dó sí Badia lẹ́bàá ibẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin mọ èyí.

Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, kí arìnrìnàjò jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún bí àyè bá wà. Lẹ́yìn Ìjọ́ra, ọ̀nà irin gba orí omi kọjá lọ sí Marina. Afárá Èkó, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1965, wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni èbúté Àpápá àti àwọn kíréènì rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ojú mọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbà.

Èbúté àti ọkọ̀

Ibùdókọ̀ Marina kò jìnnà sí èbúté CMS. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ti ń lọ sí Àpápá, Tarkwa Bay, Ìkòròdú àti àwọn ìletò tó wà lọ́nà Ọ̀jọ́. Àwọn kan máa ń lọ wọkọ̀ Tarkwa Bay ní Falomo, níbi tí èbúté Five Cowries wà, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti Ìgànmú wá, CMS ló súnmọ́ jù.

Oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ńlá tó ní òrùlé, irú èyí tí LAGFERRY, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2020, ń lò. Ọ̀nà tó ti ní àkókò ni wọ́n máa ń ná, bí i ti Ìkòròdú. Èkejì ni ọkọ̀ fáíbà kékeré, tí ẹ̀rọ kan tàbí méjì wà ní ìdí rẹ̀. Òun ló pọ̀ jù lórí ọ̀nà Tarkwa Bay. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ onígi gbọọrọ tí àwọn ará ìletò fi ń kó ọjà àti ara wọn. Ọkọ̀ onígi dára fún ẹni tó ti mọ omi. Ẹni tó ń wọ omi fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tó mú ọmọdé dání, kí ó wá ọkọ̀ fáíbà tó ní òrùlé.

Àjọ méjì ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi: NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1997, àti LASWA ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2008. Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ di dandan pé kí èrò wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí èyí kọjá òfin. Nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi, ohun tó ń pa èèyàn jù ni pé kò sí jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀, tàbí pé ó fi kọ́ èjìká láìdè é. Kí arìnrìnàjò yẹ jákẹ́ẹ̀tì wò kí ó tó gbà á: kí okùn rẹ̀ pé, kí ohun tí wọ́n fi mú un pa dé dáadáa, kí ó sì le lára èèyàn débi pé bí ẹlòmíràn bá fà á sókè láti èjìká, kò ní bọ́ gba orí jáde. Jákẹ́ẹ̀tì àgbà kò gba ọmọdé là. Ẹni tó ní ọmọ kékeré kí ó ra tọmọ dání láti ilé, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní in.

Ní èbúté tó létòò, wọ́n á kọ orúkọ èrò àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ sínú ìwé kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí èèyàn má fi èyí ṣe àwàdà, kí ó má sì kọ orúkọ irọ́. Kí ó wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ṣé nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ṣé omi kò pọ̀ nílẹ̀ ọkọ̀, ṣé ẹ̀rọ kejì tàbí àjẹ̀ wà bí ti àkọ́kọ́ bá kú, ṣé iye èrò kò ju iye ìjókòó lọ. Bí awakọ̀ bá ń mu ọtí, kí a wá ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ń fi èrò kún èrò, kí a sọ̀kalẹ̀. Ìtìjú kò sí níbẹ̀ rárá, ọkọ̀ mìíràn yóò wá.

Àárín ọkọ̀ sí ẹ̀yìn díẹ̀ ni ìjókòó tó dára jù. Iwájú ló máa ń fò jù, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Ìdí ọkọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ ni omi máa ń ta sí, èéfín epo sì wà níbẹ̀. Kí fóònù àti owó wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kò sí dídìde dúró, kódà láti ya àwòrán: dídìde èèyàn méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan ti tó láti mú kí ọkọ̀ kékeré dojú dé. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ dojú dé, kí èrò di ara ọkọ̀ mú títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ọkọ̀ fáíbà kì í tètè rì tán, ẹni tó wà lára rẹ̀ sì rọrùn láti rí ju ẹni tó ń wẹ̀ lọ sí èbúté.

Ní ti owó, ọ̀nà méjì ló wà. Ọkọ̀ tó ń dúró de èrò kó tó kún ni owó rẹ̀ kéré. Ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ tàbí ẹbí kan gbà fún ara wọn, tí wọ́n ń pè ní ṣátà, wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n fún èèyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kì í pọ̀ jù bí wọ́n bá pín in. Epo ló ń gbé owó sókè sódò, nítorí náà kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì kí a tó dá ẹnì kan lóhùn. Kí àdéhùn ṣátà ní ìpadàbọ̀ àti wákàtí rẹ̀ nínú, kí wọ́n sì fi apá kan owó náà sílẹ̀ títí di ìgbà tí ọkọ̀ bá padà wá gbé wọn.

Láti CMS dé ẹnu omi

Ìrìnàjò náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Kí arìnrìnàjò bẹ awakọ̀ kí ó rọra sáré ní apá àkọ́kọ́, nítorí ohun tó wà láti rí pọ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀ ni Marina wà. Ilé tó ga jùlọ níbẹ̀ ni NECOM House, alájà 32, tó ti wà níbẹ̀ láti 1979; iná tó wà lórí ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ṣe láti máa tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà bí ó bá ń wọ èbúté lóru. Nítòsí rẹ̀ ni Kátídírà ti Ìjọ Áńgílíkà, tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1925, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì parí títí di 1946. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wá ní 1971. State House àtijọ́, níbi tí àwọn gómìnà Gẹ̀ẹ́sì gbé, náà dojú kọ omi ní Marina yìí.

Orí omi yìí gan-an ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn sí Èkó ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò tí wọ́n sì dá Akítóyè padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí omi náà tí ó kọ ìbọn sí ìlú, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti orí ilẹ̀, ìtàn yìí máa ń dà bí ohun ìwé lásán. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ tó sì rí bí ìlú ṣe wà gbayawu níwájú omi yóò mọ ìdí tí ìbọn fi ṣe ohun tí ó ṣe.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Àpápá. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ibùdó àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí epo rọ̀bì mú owó wá, tí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì sì to jọ lórí òkun ní 1975 tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí, ìjọba kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977. Bí ọkọ̀ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akọ́nténà ńlá kan, kí awakọ̀ fi àyè gbòòrò sílẹ̀: ìgbì ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá lè gbé ọkọ̀ kékeré sókè lójijì, ó sì dára kí ó fi imú gé ìgbì náà ju kí ìgbì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Níhà Tin Can yìí ni omi ti yà lọ sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, ọ̀nà òwò láti ọjọ́ pípẹ́. Ìrìnàjò ọ̀nà yẹn gba ọjọ́ tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti so ó pọ̀ mọ́ èyí.

Ọwọ́ òsì ni omi Five Cowrie ti já wọlé láàárín Ìkòyí àti Victoria Island, lẹ́yìn náà ni ibi tí àwọn ológun ojú omi ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwòrán kò sí níbẹ̀. Kí fóònù wà nínú àpò títí ọkọ̀ yóò fi kọjá àwọn ibùdó ológun.

Níwájú ni ẹnu omi. Kí ọdún 1908 tó dé, ibí yìí ni ibi ẹ̀rù Èkó. Yanrìn tí òkun ń kó láti ìwọ̀-oòrùn máa ń jọ sí ẹnu náà, débi pé ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Wọ́n á dá ọkọ̀ náà dúró sí òde, wọ́n á sì fi ọkọ̀ kéékèèké kó èèyàn àti ẹrù la ìgbì já. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Nígbà míì, ẹrù Èkó a lọ sọ̀kalẹ̀ ní Forcados níhà ìlà-oòrùn, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ní 1892 ni ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì kan, John Coode, dábàá pé kí wọ́n fi òkúta mọ ògiri méjì wọ inú òkun, kí omi ọ̀sà lè máa fi agbára ara rẹ̀ gbá yanrìn jáde láàárín wọn. Ọdún 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ omi. Nígbà tó fi máa di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé sí ọ̀sà tààrà. Láti ìgbà náà ni Èkó ti borí gbogbo èbúté yòókù ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n yanrìn tí ògiri ìwọ̀-oòrùn dá dúró kò rí ọ̀nà kọjá sí ìlà-oòrùn mọ́. Ìhà Lighthouse Beach ń gbòòrò sí i, nígbà tí òkun ń jẹ etíkun Victoria Island, tí wọ́n ń pè ní Bar Beach. Ó jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n da yanrìn sí i léraléra, òkun sì ń kó o lọ. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti wá ń mọ odi òkúta ńlá síbẹ̀, tí wọ́n sì fi yanrìn dí ẹ̀yìn rẹ̀ láti fi kọ́ Eko Atlantic. Láti inú ọkọ̀ ní ẹnu omi, ojú kan ṣoṣo ni èèyàn fi ń rí gbogbo rẹ̀: etíkun tó jèrè lọ́wọ́ ọ̀tún, etíkun tó pàdánù lọ́wọ́ òsì, àti ògiri tó fa méjèèjì. Kò sí ibòmíràn ní Èkó tí ẹ̀kọ́ nípa omi ti ṣe kedere tó báyìí. Ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Surulere àti Ìgànmú máa kó ọmọ wá wò ó.

Ọ̀sán ní Tarkwa Bay

Tarkwa Bay wà lẹ́yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn, nínú ẹnu omi. Ògiri náà ló dá a, òun náà ló sì ń bò ó. Ìgbì tó ń ru lóde kì í fi gbogbo agbára dé ibẹ̀, ìdí nìyí tí omi rẹ̀ fi tù ju ti gbogbo etíkun tó kọjú sí òkun gbangba ní Èkó. Ọmọdé lè ṣeré ní etí omi níbi tí àgbà bá ti ń ṣọ́ wọn. Kò sí afárá tó dé ibẹ̀, kò sí mọ́tò. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ọ̀nà.

Wọ́n ń gba owó ìwọlé níbi tí èrò bá ti sọ̀kalẹ̀. Kí èèyàn mú owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, nítorí ṣéńjì ṣòroó rí, fífi fóònù sanwó sì lè má ṣeé ṣe. Àga àti ìbòòrùn wà fún yíyá. Kí a gbọ́ iye wọn kí a tó jókòó. Ẹja díndín, súyà, àgbọn àti ohun mímu tútù wà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ wọn ṣe dáadáa: ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde ní ilé wọn lójijì níbẹ̀, wọ́n sì wó ilé púpọ̀. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ jẹ́ ara àwùjọ tó ń gbìyànjú láti dìde padà. Omi mímu tó pọ̀, fìlà, ìpara tó ń dènà oòrùn fún ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ ń jó, àti oògùn èébì fún ẹni tí ọkọ̀ máa ń da inú rẹ̀ rú ni kí a mú láti ilé. Kí ẹni tó fẹ́ lo oògùn èébì mu ún kí ó tó wọkọ̀.

Ibí yìí ni gígùn pátákó lórí ìgbì ti gbilẹ̀ jùlọ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí etíkun náà ló mọ̀ ọ́n jù, wọ́n sì ń kọ́ àlejò. Kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ béèrè bóyá olùkọ́ rẹ̀ yóò bá a wọnú omi, kì í ṣe pé yóò dúró létí máa pariwo.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn lè gba orí yanrìn lọ síhà Lighthouse Beach, tó dojú kọ òkun gbangba. Wíwò nìkan ni tibẹ̀. Omi tó ń fà padà sínú òkun níbẹ̀ lágbára ju apá ẹnikẹ́ni lọ. Bí ó bá gbé èèyàn, kí ó má bá a jà. Kí ó fara balẹ̀ léfòó, kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú etíkun títí fífà náà yóò fi dẹ̀, kí ó tó dorí kọ ilẹ̀. Orí ògiri òkúta náà kò yẹ ní gígùn: òkúta rẹ̀ ń yọ̀, ìgbì sì lè gbá èèyàn kúrò níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Pàǹtírí pọ̀ létíkun náà, pàápàá lẹ́yìn òjò, nígbà tí kànáà Surulere, Ìgànmú àti gbogbo Èkó bá ti tú sínú ọ̀sà. Ike omi tí wọ́n jù sí gọ́tà ní Orílé lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí olúkúlùkù kó pàǹtírí tirẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Kí ó sì wẹ ara pẹ̀lú omi mímọ́ lẹ́yìn tó bá jáde nínú omi, kí ẹni tó ní egbò lára má tilẹ̀ wọ̀ ọ́.

Bí òkun bá ń ru: ọ̀nà Ìkòròdú

Ní ọjọ́ tí ẹnu omi kò bá dára, inú ọ̀sà ṣì ṣeé rìn. Ọkọ̀ Ìkòròdú ń ṣí láti CMS àti láti Èbúté Èrò. Ti Èbúté Èrò gba tààrà sínú ọ̀sà. Èbúté Ìpakodò ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ sí ní òdìkejì.

Ọ̀nà yìí ń bá Third Mainland Bridge rìn ní apá kan. Afárá náà gùn tó kìlómítà 11.8, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1990. Lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn afárá, ni Oko-Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti máa ń la pákó tẹ́lẹ̀. Láti igbó Oǹdó àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti máa ń di ìtì igi pọ̀ nígbà náà, tí wọ́n á fi omi gbé wọn wá, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sà. Makoko ló tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ń gbé inú ilé tó dúró lórí òpó nínú omi. Kò tọ́ kí àlejò máa ya àwòrán ilé onílé láìgba àyè. Bí ọkọ̀ bá ti jáde sí gbangba, èèyàn yóò rí àwọn ọkọ̀ onígi tó ń kó yanrìn, tí àwọn mìíràn ṣì ń ta aṣọ fún atẹ́gùn, àti àwọn apẹja tó ń ju àwọ̀n.

Iyọ̀ inú omi yìí ń yí padà pẹ̀lú oṣù. Ní àsìkò òjò, omi Ògùn àti Ọ̀ṣun a lé omi òkun sẹ́yìn, ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a tún gba ẹnu omi wọlé padà, ẹja òkun a sì tẹ̀ lé e. Òjò yìí kan náà ló máa ń gbé ewéko ojú omi wá láti inú odò. Bí ó bá wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, ẹ̀rọ yóò kú. Awakọ̀ yóò gbé e sókè, yóò sì fi ọwọ́ tú ewéko kúrò. Kí èrò fara balẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n má dìde.

Láàárọ̀, Ìkòròdú ni èrò ti ń wá sí Èkó. Nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń padà sí. Arìnrìnàjò tó ti Ìgànmú wá ń rìn lòdì sí wọn, nítorí náà yóò rí àyè nínú ọkọ̀ nígbà lílọ àti bíbọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ lè pẹ́ kí ó tó ṣí, kí ó dúró de ẹni mẹ́fà tàbí méje sí i. Kí arìnrìnàjò padà dé èbúté Ìpakodò ó pẹ́ tán aago 3 ọ̀sán, kí ó béèrè ọkọ̀ tó ń lọ kẹ́yìn, kí ó sì fi wákàtí kan sílẹ̀ láàárín ìgbà tí yóò gúnlẹ̀ ní Èkó àti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e padà sí Ìgànmú yóò kúrò ní Marina.